Fífi Òtútù Líle Tọ́jú Èépá Oòrùn Lára Àwọn Àfín

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ọ̀nà kan tí àwọn oníṣègùn fi ń lo òtútù líle láti pa àwọn àmì kan run lára awọ kí wọ́n tó di jẹjẹrẹ. Ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, pàápàá ní Australia, àwọn àgbàlagbà tí oòrùn ti ń pa fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń fi ọ̀nà yìí tọ́jú jù. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọ̀ dúdú tí Ẹlẹ́dàá fi wọ̀ wá kò jẹ́ kí irú àmì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò ní ààbò yìí rárá. Àwọn ni àwọn àfín. Ọ̀rọ̀ òtútù yìí kàn wọ́n ju bí ó ti kan ẹnikẹ́ni lọ ní Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ni n ó gbájú mọ́.

Ohun tí a mọ̀ nípa àfín

Láti ayébáyé ni a ti mọ àfín. Àwọn baba wa kà wọ́n mọ́ ẹni òrìṣà. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ ènìyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣe aró dúdú kan tí a ń pè ní mẹ́lánínì. Aró yìí ni agboòrùn awọ. Ara àfín ní àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró gẹ́gẹ́ bí ara gbogbo ènìyàn. Aró gan-an ni wọn kò lè ṣe, tàbí kí wọ́n ṣe ìwọ̀nba kín-ún tí kò lè bo ènìyàn. Bàbá àti ìyá tí wọ́n dúdú minimini lè bí àfín, bí àwọn méjèèjì bá ti jogún àbùkù kan náà tí ó fara sin sínú ìran wọn. Nínú ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan ni a lè fojú sí pé yóò jẹ́ àfín, ṣùgbọ́n oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ayò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ohun tí ìyá jẹ nínú oyún tí ó fà á, kò sì sí àgbèrè tí ó ṣe.

Ní 1952, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ N. A. Barnicot tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àfín ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nínú ọmọ ilé-ìwé 14,292 ní Èkó, àfín márùn-ún ni a rí, èyí tí í ṣe ẹyọ kan nínú nǹkan bí 2,860. Ní 1975, A. N. Okoro tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde láti ìhà ìlà-oòrùn. Òun fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ẹyọ kan nínú 15,000. Iye méjèèjì jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí Okoro rí ni ó yẹ kí ó gbà wá lọ́kàn. Nínú àwọn àfín tí ó yẹ̀ wò, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó ti lé ní ọmọ 20 ọdún tí kò ní jẹjẹrẹ awọ tàbí àmì tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbolóhùn yẹn rò. Ọmọ 20 ọdún ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé-ìwé.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀, pé iyọ̀ ni ó ń mú kí ara rẹ̀ sọ tó-tò-tó. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé oúnjẹ Ọbàtálá fúnra rẹ̀ kì í ní iyọ̀. Ẹni tí ó bá ń pa èèwọ̀ yìí mọ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gba iyọ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, tí ó sì rán an lọ kiri ọjà ní ọ̀sán gangan láìdé fìlà, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó tì, tí ó ṣí ti iwájú sílẹ̀ fún olè. Oòrùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe iyọ̀.

Èépá oòrùn

Àmì tí a ń sọ yìí ní orúkọ Gíríìkì àti ti Látìnì lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Ní tiwa, n ó máa pè é ní èépá oòrùn, nítorí pé ó jọ èépá ojú egbò, oòrùn ni ó sì ń fà á. Àwọn ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò lè rí. Bí wọ́n bá wọ inú awọ tí kò ní aró, wọn a máa ba ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bí irú ara rẹ̀ jẹ́. Ara a máa tún un ṣe. Ó lè tún un ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan yóò gbàgbé ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ó gbàgbé yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ara rẹ̀ láìgbọ́ àṣẹ, yóò sì kó ara jọ sí orí awọ bí èépo gbígbẹ.

Ohun kan ni ó ya èépá oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára jẹjẹrẹ. Láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, ọgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì olóríkunkun wọ̀nyí bá wà lókè ọgbà, wọn kò rí ọ̀nà dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fo ọgbà ni a tó ń pè wọ́n ní jẹjẹrẹ. Gbogbo ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà fún ìgbà tí wọn kò tíì fò ó.

Ọwọ́ sábà máa ń mọ èépá oòrùn kí ojú tó rí i. Ẹni tí ó bá ti fi ewé ìpín dán igbá tàbí igi rí mọ bí ewé náà ti ń ha ọwọ́; bẹ́ẹ̀ gan-an ni èépá oòrùn rí bí a bá fi ìka tọ́ ọ. Ó lè pupa díẹ̀, ó lè funfun, ó lè nípọn bí ìwo kékeré. Orí etí, imú, iwájú orí, ẹ̀yìn ọrùn, ètè ìsàlẹ̀, apá àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó fẹ́ràn jù, èyíinì ni gbogbo ibi tí aṣọ kì í bò. Bí a bá ṣí i kúrò, yóò tún padà. Èyí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èépá ọgbẹ́ lásán.

Kì í ṣe gbogbo èépá oòrùn ni ó ń di jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009 lórí àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbàlagbà aláwọ̀ funfun, fi hàn pé láàárín ọdún kan, nínú èépá 1,000, nǹkan bí mẹ́fà péré ni ó di jẹjẹrẹ onírú yìí. Láàárín ọdún mẹ́rin, iye náà di nǹkan bí 26. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà rí i pé nínú 100 jẹjẹrẹ tí ó yọ, 65 ni ó yọ ní ojú ibi tí èépá ti wà tẹ́lẹ̀. Àfín tí oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ń pa láti kékeré kì í ní èépá ẹyọ kan tàbí méjì; ó lè ní ọgọ́rùn-ún, oòrùn kò sì sinmi lórí rẹ̀ ní oṣù kan nínú ọdún. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó bá fo ọgbà ti tó.

Bí òtútù ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì

Àwa kò mọ òtútù líle ní ilẹ̀ yìí. Ọyẹ́ a máa la ètè, a máa mú kí a wá aṣọ bora, ṣùgbọ́n kì í dí omi odò. Fíríìsà ni ó kọ́ wa ní èyí tí a mọ̀. Bí ẹ bá gbé ìgò omi tí ó kún dẹ́nu sínú fíríìsà, yóò fọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé omi a máa wú bí ó bá ń di yìnyín. Bí ẹ bá fi tòmátò síbẹ̀, tí ẹ sì mú un jáde kí ó yọ́, kì í tún le mọ́. Omi inú rẹ̀ yóò máa ṣàn, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Omi ni ó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ó ti pọ̀ nínú tòmátò. Bí òtútù bá mú awọ kíákíá, yìnyín a hù nínú sẹ́ẹ̀lì àti ní àyíká rẹ̀, a sì máa gún un ya. Èyí tí ó bá hù ní ìta a máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde, iyọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù sínú á pọ̀ ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè fara dà lọ. Nígbà tí ó bá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn yìnyín kéékèèké a lẹ̀ mọ́ ara wọn di ńlá, omi a tún rọ́ padà wọlé, ara sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ya á sì bẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntín tí ń bọ́ ibẹ̀ yóò dí. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ní kí dídì yá, kí yíyọ́ sì falẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni òtútù ń pa ní ìwọ̀n kan náà, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àfín ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Bí a bá pe ibi tí omi ti ń di yìnyín ní òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró kì í ju ìwọ̀n 4 sí 7 sí ìsàlẹ̀ òdo lọ kí wọ́n tó kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ òkè nílò ìwọ̀n 20 sí 30 sí ìsàlẹ̀ òdo. Jẹjẹrẹ tí ó ti fìdí múlẹ̀ nílò nǹkan bí 50. Àwọn okùn tí ó so awọ ró nísàlẹ̀ a máa fara da òtútù ju sẹ́ẹ̀lì lọ, èyí ni kì í jẹ́ kí àpá pọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi òtútù tọ́jú ènìyàn dúdú, aró rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ojú ibẹ̀ lè funfun bí ìgbà tí iná jó o, ó sì lè má dúdú mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn awọ wa fi máa ń lọ́ra láti lò ó fún èèyàn dúdú, pàápàá ní ojú. Ṣùgbọ́n àfín kò ní aró tí òtútù yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí oòrùn ń pa náà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ìtọ́jú yìí bá lára mu jù.

Ìtàn ohun èlò náà

James Arnott, oníṣègùn kan ní Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ fi òtútù bá jẹjẹrẹ jà. Láàárín 1845 sí 1851, ó ń po yìnyín fífọ́ mọ́ iyọ̀, ìpòpọ̀ náà sì ń tutù ju ìwọ̀n 20 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ó fi ń dín ìrora àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá fínra kù. Ẹ kò rí i pé iyọ̀ tí a ní kí àfín sá fún wà nínú ohun èlò àkọ́kọ́ yìí! Ní 1892, James Dewar ṣe ìgò onípele méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín, èyí tí í ṣe baba fúláàsì tí a ń rọ tíì sí. Ní 1895, Carl von Linde ní Jámánì rí ọ̀nà láti sọ afẹ́fẹ́ di omi lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 1899, Campbell White ní New York ti ń fi afẹ́fẹ́ olómi yìí tọ́jú àrùn awọ. Náítírójìn ni ó rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1950, nígbà tí Allington ń fi òwú bọ̀ ọ́ kí ó tó fi kan awọ; nígbà tí ó sì máa fi di ìparí ọdún 1960 sí 1969, ohun èlò afọwọ́gbé tí ń fín in jáde ti dé.

Náítírójìn kì í ṣe àjèjì. Nínú 100 ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 78 ni tirẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di omi, ìwọ̀n 196 sí ìsàlẹ̀ òdo ni ó ti ń hó. Kì í gbiná. Àwọn tí ń tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù láti fi gùn abo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Oníṣègùn yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ àti ojú wá gbogbo èépá. Bí ọ̀kan bá nípọn, yóò há òkè rẹ̀ kúrò, nítorí pé èépá gbígbẹ a máa dáàbò bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹnu ohun èlò sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan sí awọ, yóò sì fín náítírójìn sí àárín èépá náà títí yóò fi funfun bí ẹfun, tí funfun náà yóò sì kọjá etí èépá díẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti funfun tán ni a ó ti máa ka àkókò. A kì í sábà nílò abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára. Ó máa ń ta ènìyàn bí iná, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó sì ń sọ pé wọ́n jó àwọn ni, pé kì í ṣe òtútù.

Àkókò yìí ni ó ń dá èsì. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde láti Australia ní 2004, lórí èépá 421, àwọn tí a kò dì tó ìṣẹ́jú-àáyá 5, 39 péré nínú 100 ni ó pòórá pátápátá; àwọn tí a dì ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ, 83 nínú 100 ni ó pòórá. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìgbà tí ènìyàn lè fi kí àgbàlagbà kan tán. Síbẹ̀, bí òtútù bá ti pẹ́ jù, egbò rẹ̀ yóò jinlẹ̀, àpá yóò wà. Ní tèmi, oníṣègùn tí ó bá ń kánjú nítorí pé àwọn tí ó wà níta pọ̀ kò ṣe aláìsàn ní oore. Ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe, aláìsàn yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ti tọ́jú òun.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ojú ibẹ̀ yóò wú, ó lè léròrò, omi inú iléròrò náà sì lè pọ́n. Kí a má ṣe bẹ́ ẹ. Ọṣẹ àti omi tí ó mọ́ ni kí a fi máa fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Èépá dúdú yóò bò ó, yóò sì bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ní ojú. Ní ọwọ́, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ti ojúgun a sì máa falẹ̀ gan-an. Oníṣègùn ní láti ṣọ́ra lẹ́bàá ojú àti ní ẹ̀gbẹ́ ìka ọwọ́ níbi tí iṣan ìmọ̀lára kò jìnnà sí òkè. Ẹni tí òtútù máa ń mú kí ara rẹ̀ lé tàbí kí ìka rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé yìnyín inú fíríìsà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fíríìsà ilé kì í sábà ju ìwọ̀n 18 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ooru ara yóò sì ti yọ́ yìnyín náà kí ó tó dé ibi tí a ń fẹ́. Àwọn tí ń fi omi bátìrì jó èépá, egbò ni wọ́n ń fi kún egbò. Wọ́n tún ń bo ohun tí oníṣègùn ì bá fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti dé.

Ibi tí ìtọ́jú yìí mọ

Òtútù ń pa èépá tí a rí. Kò lè ṣe nǹkan kan nípa èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí èépá bá bo gbogbo iwájú orí, fífi òtútù lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí a ń fi ọwọ́ tu koríko oko ńlá. Níbẹ̀, ìpara kan tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ń yára bí irú ara rẹ̀ sàn jù. Aláìsàn lè fi í pa ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà yóò pọ́n, yóò sì bó kí ó tó jinná. Fìlà abẹ̀tí fẹ̀ǹfẹ̀, aṣọ alápá gígùn, agboòrùn àti ìpara tí ń dá oòrùn dúró kò ṣeé fi òtútù rọ́pò. Olùkọ́ tí ó bá fi ọmọ àfín jókòó sí iwájú, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ṣe dáadáa. Kí ó tún rí i pé ọmọ náà kì í ṣe lébìrà ní oko ilé-ìwé láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ wa wà nínú àgbá náítírójìn fúnra rẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ lò ó, ó ń hó lọ lójoojúmọ́, bí omi inú àmù tí ó sán. Ilé ìwòsàn tí ó bá rọ ọ́ kún lónìí tí kò sì rí aláìsàn lo ó fún yóò bá àgbá òfìfo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò gbọ́dọ̀ dé e pa, nítorí pé lítà kan rẹ̀ ń di nǹkan bí lítà 700 gáàsì. A kò sì gbọ́dọ̀ gbé e nínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, kí ó má baà lé atẹ́gùn tí ènìyàn ń mí jáde. Ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tí iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ kú lórí rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Bí a bá dúró kí àfín abúlé wá bá àgbá yìí ní ìlú ńlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ àti oòrùn ojú ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró.

Ọ̀nà tí àwọn ará Tanzania ń gbà jọ mí lójú. Ní Moshi, ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro, ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú awọ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999. Wọ́n ń po ìpara oòrùn níbẹ̀ fún àwọn àfín. Ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa dá ọjọ́ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, wọn a kó àwọn àfín ibẹ̀ jọ, wọn a sì yẹ awọ gbogbo wọn wò ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Báyìí ni ó yẹ kí a máa lo náítírójìn: kí a dá ọjọ́, kí a kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ọjà àti lórí rédíò, kí àgbá kan tí a rọ ní òwúrọ̀ tọ́jú ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn náà, kí a padà síbẹ̀, nítorí pé èépá tuntun yóò ti wà, àwọn tí kò pòórá nígbà àkọ́kọ́ yóò sì nílò ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan yóò wá tí a kò gbọ́dọ̀ fín náítírójìn sí lára: ẹni tí egbò rẹ̀ kò jinná láti oṣù kan, ẹni tí ibẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bí aṣọ bá kàn án, ẹni tí èépá rẹ̀ ti le nísàlẹ̀ bí kókó, tí ó ń yára ga, tí ó ń dùn ún, tàbí tí kókó ti so sí ọrùn tàbí abíyá rẹ̀. Òtútù lè mú kí ojú irú egbò bẹ́ẹ̀ jinná nígbà tí ìdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ nísàlẹ̀. Kí a gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a kọ ìwé lé aláìsàn náà lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a sì fún un ní owó ọkọ̀ bí kò bá ní.